Ìtọ́jú Ìlera fún Ìdílé tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Lẹ́nu ìyá tí ó ń dín àkàrà ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti lẹ́nu tíṣà tí ilé ìwé aládàáni dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́: "Bí àìsàn bá wọlé báyìí tí kò sówó nílẹ̀, ibo ni kí n gbé e gbà?" Àwọn tí ń béèrè bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí sílẹ̀ fún, ìbáà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé tàbí Ọ̀yọ́, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà àti òfin kan náà ni ó ká ìlú méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ìdílé rìn láti ilé ìlera kan dé èkejì, mo ti rí i pé ẹni tí kò lówó ni ó máa ń náwó jù lórí àìsàn. Kì í ṣe pé àìsàn tirẹ̀ le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ti fo ibi tí ó rọrùn kọjá ni, ibi tí ó wọ́n jù lọ ni wọ́n sì ń gbé e dé nígbà tí ara rẹ̀ ti dìdàkudà.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, a kò sì ní adójútòfò ìlera kankan, ètò tí à ń san owó sí ṣáájú kí ó lè gbọ́ bùkátà ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera alábọ́dé tí ó wà ní wọ́ọ̀dù yín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní hẹ́lìtì sẹ́ńtà. Ìpele mẹ́ta ni ìtọ́jú ìlera pín sí ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé ìlera alábọ́dé ni ó wà nísàlẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀, tí a mọ̀ sí jẹ́nẹ́rà, ni ó tẹ̀lé e. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni ó wà lókè. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní méjì nínú irú èyí tí ó wà lókè yìí, ìyẹn ti LAUTECH àti ti Bowen, èyí tí ó jẹ́ ilé ìwòsàn Baptist kí ó tó di ti yunifásítì ní ọdún 2009. Láti ọdún 1907 tí Dókítà George Green ti dé sí ìlú wa ni iṣẹ́ ìṣègùn Baptist ti wà níbí, nítorí náà ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lára láti gba ilé ìwòsàn ńlá lọ tààrà bí ara ọmọ bá gbóná. N kò bá ẹnikẹ́ni wí lórí èyí. Ṣùgbọ́n ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ ọmọdé, ojú egbò àti àyẹ̀wò aboyún kò nílò ilé ìwòsàn ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀, owó tí ẹ óò san níbẹ̀ sì máa ń ju ti hẹ́lìtì sẹ́ńtà lọ fíìfíì.

Ní àkókò òjò kan, ìyá kan láti Sábó tú ọ̀rá kékeré kan sórí tábìlì níwájú mi. Àdàlù oògùn ni ó wà nínú rẹ̀: hóró funfun méjì, aláwọ̀ ìyeyè kan, ààbọ̀ hóró pupa kan, kò sì sí èyí tí ó ní orúkọ lára. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti fi ń ra irú rẹ̀ ní kẹ́míìsì fún ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò yé gbóná. Nọ́ọ̀sì gún ọmọ náà ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ojú pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò, ó sì ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ìlà méjì yọ, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka owó tí ó ti ná ní kẹ́míìsì, ó sì dákẹ́ láìparí ìṣirò náà. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ibà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú wo ni ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ti gidi?

Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ti èéyi àti ti ibà pọ́njú wà ní oṣù kẹsàn-án, ti èéyi yóò sì tún padà ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kún un fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àìrówó sọ káàdì àjẹsára ọmọ nù, torí òun ni nọ́ọ̀sì yóò béèrè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ọmọ náà dé.

Èkejì ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìdílé a máa kó kúrò nílé oníyàrá méjì lọ sínú yàrá kan, ènìyàn mẹ́fà a sì máa mí sínú afẹ́fẹ́ kan náà lóru. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń rù, tí òógùn ń bò lóru, kí ó lọ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò náà kò gba kọ́bọ̀, oògùn rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń lò fún oṣù mẹ́fà, kò gba kọ́bọ̀ pẹ̀lú. Mo mọ ìdílé tí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ nítorí ikọ́ yìí, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra agbo àti oògùn ìwúkọ́ onígò, nígbà tí ohun tí ó lè wò ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Àyẹ̀wò àti oògùn kòkòrò HIV, oògùn ẹ̀tẹ̀ àti ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìlera ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó fún oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè rìsíìtì.

Mo gbọ́ pé ìjọba ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn aláìní. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, ó sì ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sí i. Nǹkan bí ìdajì owó náà ń gba ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè lọ sí ti ìpínlẹ̀, kí àwọn tí kò lágbára lè rí ìtọ́jú gbà láìsanwó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù ni wọ́n fi ń ra oògùn, tí wọ́n fi ń tún ilé ìlera ṣe, tí wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ sì wà fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí kò ní rárá ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ìtọ́jú oyún àti ìbímọ, ìtọ́jú ọmọdé, ìtọ́jú ibà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo hẹ́lìtì sẹ́ńtà ni ó wà nínú ètò náà, nítorí náà èyí tí ó sún mọ́ ilé yín jù lè má jẹ́ òun. Ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, èwo ni ó wà nínú ètò aláìní ní wọ́ọ̀dù wa?" Yóò sọ fún yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kọsẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Bàbá a ní, ìyá a ní, ọmọ kò ní. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ fún NIN, ọmọdé sì lè ní tirẹ̀ lórí nọ́ńbà òbí. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ara gbogbo yín le. Ààyè tí ó wà nínú ètò yìí kò tó iye àwọn tí ó tọ́ sí, èyí sì máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé orúkọ ti kún. Kí ó má tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Kí ó fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tún padà lọ béèrè, nítorí wọ́n máa ń ṣí ìforúkọsílẹ̀ lákọ̀tun.

Bí orúkọ wa kò bá sí nínú ètò aláìní, ṣé a lè ra adójútòfò fúnra wa?

Ẹ lè rà á. Òfin tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ tirẹ̀ fún èyí, tí wọ́n ń pè ní OYSHIA, ètò rẹ̀ kò sì mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbẹ̀ àti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè san owó ọdún kan kí wọ́n sì wọlé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ti ẹnì kan ni owó náà tàbí ti ìdílé, ilé ìwòsàn tí ẹ lè yàn, iye ọjọ́ tí ó máa gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti àwọn àìsàn tí kò sí nínú rẹ̀. Owó tí ẹ bá san lónìí kì í sábà di ìtọ́jú lọ́la, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ohun tí à ń rà nígbà tí ara bá le.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹ bá yan hẹ́lìtì sẹ́ńtà kan, ibẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, àwọn ni yóò sì kọ ìwé tí ẹ óò mú lọ sí jẹ́nẹ́rà bí ọ̀ràn náà bá ju agbára wọn lọ. Ẹni tí ó bá fo ibẹ̀, tí ó gba ilé ìwòsàn ńlá lọ láìmú ìwé dání, òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ sanwó àfi tí ó bá jẹ́ pàjáwìrì. Mo ti rí i tí ọkùnrin kan ń fi ìbínú na káàdì rẹ̀ sí akọ̀wé ojú fèrèsé, káàdì náà sì dára, ìwé nìkan ni kò mú wá.

Ibi iṣẹ́ tí mo kúrò ni ó ní adójútòfò fún mi tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ó sábà máa ń parí tí ibi iṣẹ́ kò bá san owó mọ́. Ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ a máa gba òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18, gbogbo wọn ni yóò sì jáde pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ibi iṣẹ́ yín ọjọ́ tí owó tí wọ́n ti san yóò tán gan-an, kí ẹ lo èyí tí ó kù fún àyẹ̀wò tí ẹ ti ń sún síwájú, kí ẹ sì wọ ètò ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì tí kò sí owó lọ́wọ́, ṣé ilé ìwòsàn lè lé wa padà?

Rárá o. Abala 20 nínú òfin ọdún 2014 yẹn sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin ọdún 2017 sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá láìdúró de ìwé ọlọ́pàá.

N kò mọ òfin yìí lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ gbá àbúrò mi ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ ni a kọ́kọ́ gbé e dé. Ẹni tí ó wà lójú fèrèsé kò yọjú wò ó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a fi gbé e wá. "Ẹ lọ mú dípósítì wá" ni gbogbo ohun tí ó sọ. A lọ jí àwọn àna wa lójú oorun láti yáwó, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí rọ́bà ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọlọ́run kó o yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà sí bí ó ti wà. Bí mo bá mọ̀ nígbà náà, ohun tí ǹ bá sọ nìyí, ẹ̀yin náà ẹ fi sọ́kàn: "Ẹ jọ̀wọ́, pàjáwìrì ni. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ná. A kò sá, a ń wá owó bọ̀." Kí ẹ sì béèrè dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí akọ̀wé owó kọ́ ni yóò pinnu ohun tí ó jẹ́ pàjáwìrì. Òfin náà kò sọ pé ìtọ́jú yìí di ọ̀fẹ́. Owó rẹ̀ yóò dé lẹ́yìn. Ẹ̀mí ni ó ní kí ó kọ́kọ́ wà.

Ní ti ọmọdé, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ó ń mí.

Ìyàwó mi lóyún, kò sì sí owó ilé ìwòsàn. Ṣé kí a lọ sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí?

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá agbẹ̀bí wa, púpọ̀ nínú wọn ni ọwọ́ wọn mọ́, tí wọ́n sì ní sùúrù ju àwa òṣìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lẹ́yìn ìbímọ, gìrì aboyún àti ọmọ tí ó dábùú kò ní oògùn nínú ilé wọn. Kí ìyàwó yín lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní hẹ́lìtì sẹ́ńtà ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ pé oyún dúró, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn tààrà pé ẹ kò níṣẹ́, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó lè wọ ètò aláìní. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa san owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún àwọn obìnrin tí kò lágbára ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí oyún tó wọ oṣù kẹjọ, ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ètò yìí nítòsí yín, nítorí ìgbà tí ìrọbí bá mú un kọ́ ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹni tí yóò gbé fóònù rẹ̀ lóru.

Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn rẹ̀ sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá máa lò ó ní ọjọ́ kan kí wọ́n fi ọjọ́ kejì sílẹ̀ láti fi ṣọ́ owó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ṣe ń wọlé. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí ẹ sọ òótọ́ pé owó kò ká a mọ́, kí wọ́n kọ èyí tí ó dínwó fún wọn. Oògùn ní orúkọ méjì: orúkọ oògùn gan-an, bíi amlodipine, àti orúkọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un. Èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára páálí rẹ̀ lè wọ́n ní ìlọ́po mélòó kan ju èkejì lọ, oògùn kan náà sì ni wọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì ra oògùn oṣù kan pọ̀ bí agbára bá gbé e.

Agbo ńkọ́?

Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má fi pamọ́. Kò sí ẹni tí yóò lù yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ó ti wà nínú ara kí wọ́n tó fún yín ní oògùn. Ẹ má ṣe fi agbo rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Wọ́n ti tọ́jú ọmọ wa tán, a kò sì rí owó san. Wọ́n ní a kò lè lọ.

Ẹ má sá lọ lóru, nítorí ọmọ náà yóò tún nílò ilé ìwòsàn yẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ béèrè ẹ̀ka Social Welfare, èyí tí ó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn àti ní ọ̀pọ̀ jẹ́nẹ́rà. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, láti bá yín gba ẹ̀dínwó, tàbí láti fi yín hàn fún àwọn tí ń ṣàánú. Àyẹ̀wò ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe, ọmọ mélòó, ta ni ó ń bọ́ yín. Ẹ sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé pé ẹ óò máa san díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mú onídùúró wá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí àlàyé owó náà lẹ́sẹẹsẹ, ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2018 fi ìyẹn kún un. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó dáàbò bo òmìnira ara, gbèsè ilé ìwòsàn kò sì sí lára ohun tí ó ní a lè tìtorí rẹ̀ ti ènìyàn mọ́lé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí ẹ fi bá nọ́ọ̀sì jà. Mọ́sálásí tí ó ń pín sàká àti ẹ̀ka àánú ìjọ yín náà ṣeé lọ bá, ó sì sàn kí ẹ mú bíìlì ilé ìwòsàn lọ ju kí ẹ máa fẹnu ṣàlàyé.

Owó ọdún kan pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà wo ni a lè gbà kó o jọ?

Àwọn obìnrin mẹ́wàá kan tí wọ́n ń gún fùfú ní àdúgbò wa fi àjọ ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n á dá iye kan, ẹni tí àjọ bá kàn yóò fi san owó adójútòfò tirẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ìyókù, ìwé rìsíìtì rẹ̀ ni yóò sì mú wá fi han àwọn yòókù ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e. Wọn kò dúró kí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kankan wá kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ilé tí ó wà ní Èkó tàbí òkè òkun sì lè san án fún ìyá àti bàbá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún dípò owó ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè é fún láàárín òru.

Kí ni kí n kó dání tí mo bá ń lọ?

NIN gbogbo ará ilé, káàdì àjẹsára ọmọ, káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́, àti oògùn tàbí páálí oògùn tí ẹ ti lò ṣáájú. Ẹ fi sínú ọ̀rá kan, kí ẹ so ó kọ́ sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹ tètè jí lọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá ọlọ́mọ yóò ti kún orí bẹ́ǹṣì kí ó tó di aago mẹ́jọ, wọn yóò sì máa kọrin kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọmọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí òun ṣe wọ ètò ọ̀fẹ́.